Bí ọmú ṣe ń dín kù nígbà tí oúnjẹ bá wọlé

Ikùn ọmọ oṣù mẹ́fà kò tóbi. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń lò ni mìlílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n. Ọmọ tó wọn kílò 8 á gba nǹkan bíi mìlílítà 240 lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ò tó ìdajì píọ̀ wọ́tà kan. Inú àyè kékeré yìí ni ọmú àti oúnjẹ jọ ń gbé. Bí ọ̀kan bá fẹ́ àyè sí i, èkejì ní láti sún.

Títí di oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan tó, kò sí omi, kò sí àgbo. Lẹ́yìn ìgbà náà, ayọ́ọ̀nù (iron), èròjà tí ẹ̀jẹ̀ nílò, tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ ti ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà nínú ọmú ò pọ̀. Ohun tí oúnjẹ wá ṣe nìyẹn: ó wá kún ọmú, kò wá lé e jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ọmọ tó ń mu ọmú déédéé nílò nǹkan bíi kálórì 200 lójúmọ́ láti inú oúnjẹ ní oṣù 6 sí 8, 300 ní oṣù 9 sí 11, àti 550 lẹ́yìn ọdún kan. Ọmú ló ń pèsè ìyókù, èyí tó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta níbẹ̀rẹ̀, tó sì ṣì ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́yìn ọdún kan.

Ọmú fúnra rẹ̀ ń ṣe bí alátẹ ọjà Olúọdẹ ní Òṣogbo: ọjà tó bá ń tà ló ń lọ kó sí i. Bí ọmọ bá ṣe ń fà á ni ara ń ṣe òmíràn. Bí ọmú bá kún tí ẹnikẹ́ni ò mu ún, ara á rọra dẹwọ́. Ìdí rèé tí dídá a dúró lọ́jọ́ kan fi máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọmú á le bí òkúta, á máa ro ìyá, ó sì lè di ibà. Ewúro tí àwọn kan ń fi pa orí ọmú ò mọ èyí. Ọmọ ló ń lé, ara ìyá ò tíì gbọ́. Ìgbà ọmú kan ṣoṣo ni kí a yọ, kí a fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ kó tó kan òmíràn. Ti ọ̀sán ló máa ń rọrùn jù láti yọ, ti òwúrọ̀ àti ti alẹ́ ló ń kẹ́yìn. Fún ìyá tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́ láti àárọ̀, ti ọ̀sán ti yọ ara rẹ̀, àfi tó bá ń fún ọmú sílẹ̀. Kí ó má yà á lẹ́nu bí ọmọ bá wá gba gbèsè rẹ̀ lóru.

Ibi tí ètò yìí ti sábà máa ń dàrú ni ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ ṣíṣàn inú fídà jẹ́ omi ju ògì lọ. Ó gba àyè ọmú, ọmọ sùn, ilé dákẹ́, ṣùgbọ́n agbára inú ọmú tó pàdánù ju èyí tí ẹ̀kọ mú wọlé lọ. Ẹ̀kọ ọmọ ní láti ki débi tí kò ní ṣàn kúrò lórí ṣíbí, kí a sì fi nǹkan gidi sí i: ẹja gbígbẹ tàbí edé lílọ̀, ẹyin tó jinná, ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, epo pupa díẹ̀. Gbẹ̀gìrì tí a bu sọ́tọ̀ kí iyọ̀ àti ata tó wọ̀ ọ́ dára púpọ̀, ó sì ti wà nínú ìkòkò ilé tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, ìgbà tí a ń gbé ọmọ lọ gba àjẹsára, oúnjẹ lè ṣáájú ọmú. Kó tó dìgbà náà, ọmú ni kó ṣáájú.

Rírọ ọmọ kò bá èyí mu rárá. Ọmọ tó yó á yí orí, á pa ẹnu dé, á ti ṣíbí. Ẹni tí a rọ ò lè sọ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Ọmọ tó ń mu mílíìkì ọmọ ọwọ́ inú agolo (fọ́múlà) náà ń dín in kù: nǹkan bíi mìlílítà 600 lójúmọ́ ní oṣù 7 sí 9, bíi 400 bó bá ń súnmọ́ ọdún kan. Oyin ò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ kankan kó tó pé ọdún kan.

Nígbà míì, ọmọ tó ti ń jẹun dáadáa á kọ oúnjẹ, á padà sórí ọmú. Ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru ló sábà máa ń fà á. Kí a fún un ní ọmú bó ṣe fẹ́. Bí ara rẹ̀ bá yá, kí a fi oúnjẹ kan kún tọjọ́ náà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, títí ìlà ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì á fi tún máa gòkè.