Ṣé iná ni wọn yóò máa fi wo kòkòrò? Ìbéèrè yín lórí PhD sẹ́ńsọ̀ tó gba orí fóònù

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìkéde kan ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn: yunifásítì kan ní Jámánì ń wá ẹni tí yóò ṣe PhD lórí sẹ́ńsọ̀ kẹ́míkà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, fún ìwádìí àrùn tí kòkòrò àìfojúrí ń fà. Ní Tánkè, nílùú Ìlọrin, ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Nígbà tó fi dé Ọ̀fà, ó ti di pé wọ́n ń wá àwọn tí wọn yóò kó àrùn sí lára, wọn yóò sì fi yúrò tù wọ́n nínú. Díẹ̀ nínú ohun tí ẹ bi mí nìyí.

Ṣé wọn yóò kó àrùn sí akẹ́kọ̀ọ́ lára?

Rárá. Inú àwo láàbù ni kòkòrò ń gbé.

Kí wá ni sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́?

Ẹ bu zóbò díẹ̀ sínú ife funfun méjì. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan. Ẹ po kán-ún mọ́ omi, kí ẹ kán an sí èkejì. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ yóò pupa fòò. Ti kán-ún yóò ṣú, yóò máa lọ sí àwọ̀ aró tàbí ti ewé. (Ẹ má mu ti kán-ún yẹn o, n ò rán yín.) Àwọ̀ inú ìṣápá ló ń sọ fún yín pé omi ọ̀hún kan tàbí kò kan. Sẹ́ńsọ̀ kẹ́míkà nìyẹn, inú ilé ìdáná yín ló sì wà.

Aró ti àwọn onímọ̀ fi ìgbésẹ̀ kan ju ti zóbò lọ: ó ń tàn. Wọ́n á pò ó mọ́ ike tín-ín-rín, wọ́n á tan iná aláwọ̀ kan sí i, aró náà á sì dá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ mìíràn padà. Kò ṣe tuntun. Ní 1852, George Stokes ti Cambridge kọ̀wé nípa bí omi kuináìnì, oògùn ibà kíkorò tí àwọn àgbà wa mọ̀ dunjú, ṣe ń tàn bíi búlúù tí ìtànṣán tí ojú wa kò rí bá bà á.

Àwọn aró kan wà tó jẹ́ pé bí ọ́síjìn bá pọ̀ níbi tí wọ́n wà, ìmọ́lẹ̀ wọn á rẹlẹ̀, á sì tètè kú. Bí ọ́síjìn bá tán, wọ́n á tàn kedere. Ọ́síjìn tó ń mú iná ìdáná jó ló ń pa iná aró yìí. Ẹ má bínú sí mi, èmi kọ́ ni mo dá a bẹ́ẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe yára kú sí ni wọ́n fi ń mọ iye ọ́síjìn tó wà níbẹ̀.

Kí ló kan ọ́síjìn nínú ọ̀rọ̀ àrùn?

Ibí yìí gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Kòkòrò tó wọ ojú egbò tàbí rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ aláìsàn kì í sábà dá gbé. Wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á fi ohun tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá bo ara wọn. Àwọn tó wà lójú ìta á lo ọ́síjìn tán kó tó kan àwọn tó wà láàárín. Jẹ́ńtámáísìn, abẹ́rẹ́ apakòkòrò tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú kòkòrò tí kò rí ọ́síjìn lò. Oògùn á máa kanlẹ̀kùn, wọn ò ní ṣí i. Aláìsàn á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, oògùn gidi ni, ibi tí kòkòrò lúgọ sí ni agbára rẹ̀ ò dé.

Ẹni tó bá fẹ́ wá oògùn tó dára jù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye ọ́síjìn tó wà ní ihò tí kòkòrò wà. Leland Clark, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti ṣe irin tó ń wọn ọ́síjìn láti 1956, ó sì wúlò títí dòní. Àmọ́ irin yẹn ń jẹ ọ́síjìn bó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Níbi tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ṣe ló dà bíi kéèyàn máa tọ́ ọbẹ̀ wò títí ìkòkò á fi gbẹ. Aró tó ń tàn kì í jẹ ẹ́.

Ǹjẹ́ irú rẹ̀ wà nílé ìwòsàn tẹ́lẹ̀?

Ó wà. Irú ìgò kan wà tí wọ́n fi ń wá kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí ìdí rẹ̀ máa ń di yẹ́lò bí kòkòrò bá ń mí síta nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wo ọ́síjìn náà ń lo ìmọ́lẹ̀, àmọ́ àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wò, kò lo aró. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 sì fi hàn pé ẹ̀rọ ìka yẹn máa ń tan aláwọ̀ dúdú jẹ ju aláwọ̀ funfun lọ: á ní ọ́síjìn pé nígbà tí kò pé. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kí ọmọ wa kan wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan báyìí, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá kó o dé Òkè-Òyì tán.

Bí ọmọ mi bá parí rẹ̀, ṣé ó ti di dókítà?

Dókítà ìwé. Kó má fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́.

Ta ló lè dù ú?

Ẹni tó ka kẹ́mísírì, fisíìsì tàbí ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí, tó sì ti gba máásítà. Bóyá Yunifásítì Ìlọrin lẹ ti jáde o, bóyá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété ni o, ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n á kọ́kọ́ wá nínú lẹ́tà yín ni ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣe ní láàbù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin 40 lẹ dúró yí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ká, tí ẹ̀yìn orí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nìkan lẹ rí, ẹ má kọ ọ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lò. Wọ́n á bi yín.

Ẹnì kan ní kí n san owó kí òun lè bá mi fi orúkọ sílẹ̀.

Ẹ má san án. Ní Jámánì, irú PhD yìí sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ tó ní ìwé àdéhùn àti owó oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdéhùn ìlàjì tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó oṣù wọ́pọ̀. Ẹ ó náwó sí transcript, ẹ ó náwó sí físà. Èyí tó bá ń lọ sínú àkáǹtì ẹni tó ní òun mọ ọ̀jọ̀gbọ́n, owó ẹni yẹn ni.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá sí àdúgbò wa. Èèyàn á di irin rẹ̀ mú, á sì ka gbogbo àìsàn ara rẹ̀ jáde. Ṣé òun nìyí?

Òun kọ́, ẹ sá fún un. Sẹ́ńsọ̀ gidi, ìbéèrè kan tàbí méjì ló mọ̀ ọ́n dáhùn, ohun tó ń wọ̀n sì gbọ́dọ̀ dé ara rẹ̀. Èyí tó rí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ojú lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo àìsàn tó rí sì bá oògùn inú báàgì ẹni tó gbé e wá mu, ọjà ló ń tà. Bí ibà bá ń ṣe yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn kí ẹ tó gbé oògùn apakòkòrò mì.

Ọjọ́ wo ni wọ́n máa pa á dé?

Ọjọ́ tó wà lójú ìkéde náà, ní aago tiwọn. Nígbà ooru wọn, Jámánì fi wákàtí 1 ṣáájú wa: 12 òru wọn, 11 alẹ́ tiwa ni. Ẹ sì mọ ohun tí iná mọ̀nàmọ́ná máa ń ṣe láàárín 10 sí 11.