Epo tí ẹ̀ńjìnnì ò jó

Ẹni tó bá ń ti ọ̀kadà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ nítorí olè mọ òórùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, gbogbo ilé á ti máa rùn bí ilé epo. Oníbàárà á ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wo ibi tó ti ń jò." A ó wò ó títí, a ò ní rí i. Epo náà ò ṣàn. Ó ń di oru ni. Ó ń gba ihò tó wà lára ìdérí táǹkì jáde, ó ń gba kábúrétọ̀ jáde, ó tiẹ̀ ń gba ara rọ́bà epo kọjá díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á da epo inú táǹkì nù, wọ́n á rọ òmíràn tí wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i dé ìdajì, wọ́n á wá ti ọ̀kadà sínú yàrá kan tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, tí ò sì lè jáde. Wọ́n á mú táǹkì gbóná díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan, bí oòrùn ṣe máa ń ṣe é láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Wọ́n á tún gùn ún lórí róòlù tí kì í kúrò lójú kan, wọ́n á pa á, wọ́n á sì tì í padà wọlé fún wákàtí kan sí i nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ṣì gbóná. Èyí kejì yìí ló jọ tiwa jù: ọlọ́kadà tó ti sáré látàárọ̀, tó wá pa á síwájú búkà. Ooru ẹ̀ńjìnnì á ràn mọ́ kábúrétọ̀, ìwọ̀nba epo tó wà nínú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ.

Ní Yúróòpù, àpapọ̀ oru náà ò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ lábẹ́ Euro 4, òfin wọn ti ọdún 2016 lórí ohun tí ọ̀kadà ń tú sáfẹ́fẹ́. Euro 5 ti ọdún 2020 sọ ọ́ di 1.5. Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa ti ń wá, ń lo 1.5 nílé tiwọn láti oṣù kẹrin ọdún 2020. Kí ọ̀kadà lè yege, wọ́n ń so agolo kékeré kan tó kún fún èédú mọ́ ọn. Èédú á mu oru náà, ẹ̀ńjìnnì á sì fà á jó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń dé ọ̀dọ̀ mi ò ní agolo yìí.

Ọ̀kadà kan náà ni o, tí wọ́n bá pààrọ̀ epo rẹ̀, òǹkà á yí padà. Àkópọ̀ ni bẹntiróòlù: àwọn tó fúyẹ́ wà nínú rẹ̀, irú bútéènì tó wà nínú láítà, àwọn tó wúwo náà wà. Èyí tó fúyẹ́ ló ń kọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kadà tí wọ́n pa tì fún oṣù mélòó kan kì í fẹ́ gbéra bí epo tiẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ti ẹ́tánọ́ọ̀lù ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, ọtí inú ògógóró gan-an. Òun nìkan kì í yára fò lọ bíi bẹntiróòlù: ní 37.8°C tí wọ́n fi ń wọn agbára oru epo, tirẹ̀ ò ju bíi kPa 16 lọ (kPa ni òṣùwọ̀n agbára tí oru fi ń tì), bẹntiróòlù sì lè tó 60. Tí ẹ bá wá fi ìdá 10 ọtí sínú ìdá 90 epo, ẹ ó rò pé agbára oru náà á wálẹ̀. Rárá o, ó máa ń fi bíi 7 gòkè ni. Níbi tí ọtí bá ti pọ̀, wọ́n á di ara wọn mú bí ọmọ ìyá. Tí wọ́n bá fọ́n ká sáàárín epo, kò sí ẹni tó máa di wọ́n mú mọ́, wọ́n á bá àwọn tó fúyẹ́ lọ. Tí ọtí bá wá tó ìdá 85, agbára oru á já wálẹ̀. Ní Bràsíìlì, ìdá 30 ló wà nínú epo ilé epo láti oṣù kẹjọ ọdún 2025.

Ọtí tún ń gba ara rọ́bà àti táǹkì oníke kọjá ju epo lásán lọ. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fi epo méjì wéra ò gbọdọ̀ kánjú: rọ́bà tó ti mu epo àkọ́kọ́ yó á ṣì máa tú u jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ìkejì, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó fara balẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka oru yìí náà ní àlébù. Iná háídírójìn ló fi ń ka kábọ́ọ̀nù inú oru náà, kì í sì í ka ti ọtí pé. Bí wọn ò bá ṣe àtúnṣe sí i, epo ọlọ́tí á dà bí ẹni pé ó mọ́ ju bó ṣe wà lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nínú àbájáde nìyí.

Àbùlà wá ńkọ́? Epo tí wọ́n da kẹrosíìnì mọ́ máa gba máàkì ju ojúlówó lọ nínú yàrá yẹn, torí kẹrosíìnì kì í yára fò. Ẹ̀ńjìnnì ló máa jìyà rẹ̀: púlọ́ọ̀gì á dúdú, èéfín á bo àdúgbò. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, oríṣi ọtí mìíràn tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú epo tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, burú ju ẹ́tánọ́ọ̀lù lọ. Ó ń mú kí epo tètè fò, ó sì ń jẹ rọ́bà.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ nìyí o. Ọmọṣẹ́ tó bá ní oòrùn ló gbé ìdajì táǹkì lọ láàárín ọjọ́ méjì ń purọ́ fún yín. Àyà tó ń mí oru náà sínú ni mò ń rò. Bẹ́ńsíìnì, kẹ́míkà kan tó máa ń wà nínú bẹntiróòlù, wà nínú rẹ̀, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀.

Bí kò bá sí ibòmíràn tí ọ̀kadà lè sùn ju inú ilé lọ, ẹ ti kọ́ọ̀kì epo díẹ̀ kí ẹ tó délé, kí ẹ̀ńjìnnì lè mu ti inú kábúrétọ̀ tán. Ẹ jẹ́ kó tutù níta kó tó wọlé, kó jìnnà síbi tí ọmọdé ń sùn àti sí kọ́ìlì ẹ̀fọn. Ẹ má rọ epo dé ọrùn táǹkì tí ọ̀kadà bá máa dúró sínú oòrùn. Bí rọ́bà inú ìdérí bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó kékeré ni. Àmọ́ ẹ má fi náílọ́ọ̀nù dí ihò ìdérí náà, bí mo ṣe ń rí i tí àwọn kan ń ṣe: tí afẹ́fẹ́ ò bá rí ibẹ̀ wọlé, epo ò ní sọ̀kalẹ̀ mọ́, ọ̀kadà á kú mọ́ yín lọ́wọ́ lójú títì.