Kámẹ́rà kọ́ ló ya àwòrán pàǹtí ojú òfuurufú yẹn

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, ọmọkùnrin tó ń gẹ irun mi dáwọ́ dúró, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo òkè! Pàǹtí ti kún un dẹ́nu." Àfọ́kù sátẹ́láìtì àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń pè ní pàǹtí. Ayé ló wà níbẹ̀, rìbìtì, tí àmì funfun wínníwínní bò ó bí eṣinṣin ṣe ń bo ààtàn. Gbogbo ẹni tó jókòó ló gbà pé sátẹ́láìtì kan ló ya fọ́tò náà.

Kọ̀ǹpútà ló yà á. Mo délé, mo fi rúlà wọn irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lórí fóònù tèmi: ayé fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ayé gan-an fẹ̀ ju kìlómítà 12,700 lọ. Nítorí náà, àmì tí kò ju ààbọ̀ mìlímítà lọ ti bo nǹkan bíi kìlómítà 100, ó kù díẹ̀ kó tó láti Ìbàdàn dé Èkó, bẹ́ẹ̀ ohun tó dúró fún lè má ju ọsàn kan lọ.

Ohun tó tó ọsàn ni rádà lè máa tọpa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tó nǹkan bíi 40,000 nínú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ wọn sí. Èyí tó kéré sí i, tó ṣì ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, ju mílíọ̀nù kan. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Báwo ni wọ́n ṣe wá kà wọ́n? Ká ní o jókòó ní Challenge, tí o tẹjú mọ́ ojú kan ṣoṣo lórí títì, tí o ka gbogbo ọ̀kadà tó kọjá níbẹ̀ fún wákàtí kan, tí o wá fi ṣírò ti gbogbo ìlú. Bí rádà Haystack ní Massachusetts ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ti àwọn wínníwínní tí rádà kò lè rí, ihò tí wọ́n dá sára ohun tó padà wálé láti òkè ni wọ́n ń kà. Lọ́dún 1984, Amẹ́ríkà gbé LDEF, sátẹ́láìtì ìdánwò kan tó tóbi tó bọ́ọ̀sì, sókè. Wọ́n gbé e padà lọ́dún 1990. Ihò tí ojú lásán rí lára rẹ̀ ju 30,000 lọ. Wọ́n yẹ inú ihò wò: bí ọ̀dà bá wà níbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló ti wá, bó bá jẹ́ òkúta, ojú ọ̀run ló ti já bọ́.

Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú ìṣirò orí kọ̀ǹpútà bíi ORDEM ti NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, àti MASTER ti ESA, àjọ òfuurufú Yúróòpù. Ìṣirò náà kì í sọ ibi tí èérún kan wà. Ohun tó ń sọ ni bó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan gbá sátẹ́láìtì tó wà ní ibi gíga báyìí láàárín ọdún kan. Ó ká mi lára, torí NigeriaSat-2 tiwa, tí wọ́n gbé lọ lọ́dún 2011, wà lókè níbẹ̀. Eré tí nǹkan ń sá níbẹ̀ lè gbé e láti Ìbàdàn dé Èkó kí ìṣẹ́jú àáyá 20 tó pé.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2009, sátẹ́láìtì méjì, Iridium 33 ti Amẹ́ríkà àti Cosmos 2251 ti Rọ́ṣíà, forí gbárí lókè Siberia. Àwọn méjèèjì wà nínú ìwé, ìṣirò sì ti sọ pé wọn yóò fi ju mítà 500 lọ yẹra fúnra wọn. Àfọ́kù tí rádà rí ju 2,000 lọ. Èyí tí rádà kò rí, inú ìṣirò nìkan ló wà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn lórí fóònù ọmọkùnrin Mọ́kọ́lá yẹn.