Ẹ Wo Ibi Tí Wọ́n Dúró Kí Ẹ Tó Wo Imú Wọn

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́, wọ́n ń bi mí pé nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan tó ní Churchill méjì, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hítílà, èwo ni tòótọ́. Ọ̀kan ní ìbejì ni wọ́n. Òmíràn ní òkú rẹ̀ ló dúró lókè yẹn. Òkú kẹ̀? Ọdún 1965 ni Churchill kú, ọdún 1945 ni ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ David Low ya àwòrán yìí sínú ìwé ìròyìn Evening Standard!

Churchill kan wà lókè bí ère, wọ́n kọ "Olórí Aráyé" sí i. Èkejì wà nísàlẹ̀, òun ni "Olórí Ẹgbẹ́". Ti òkè ló ń tu ti ìsàlẹ̀ nínú: túra ká, wọn á gbàgbé ẹ, ṣùgbọ́n èmi ni wọn á máa rántí.

Ibi ìdúró ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ta ló wà lókè? Ta ló wà nísàlẹ̀? Ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ ti jáde? Ká ní ẹnu ti ìsàlẹ̀ ni Low fi í sí ni, ìfọ́nnu ni ì bá dà. Ká ní ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ì bá rò pé ìjà ni wọ́n ń jà. Gíga àti ìsàlẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ìyìn àti ìbáwí bá ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin tó kó ìlú rẹ̀ la ogun Hítílà já náà ló lọ sórí rédíò ní oṣù Kẹfà, tó ní bí ẹgbẹ́ Labour, alátakò rẹ̀, bá wọlé ìbò, wọn á nílò irú Gestapo kan, ìyẹn ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Hítílà. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, Labour gba ìjókòó 393 nílé aṣòfin, ẹgbẹ́ Churchill sì fìdí rẹmi.

Àwọn tó ń fi fóònù gé orí olórí lẹ̀ mọ́ ara ẹlòmíràn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ayàwòrán ẹ̀fẹ̀, àwọn ló ba ojú yín jẹ́. Ní ìpínlẹ̀ tó ni Akínọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó fi gègé bá àwọn amúnisìn jà nínú ìwé ìròyìn West African Pilot!

Olóṣèlú kan rán ọmọ sí mi pé kí n ya irú rẹ̀ fún òun, ti òkè nìkan. Mo ní ère nìyẹn, kì í ṣe àwòrán ẹ̀fẹ̀. Wọ́n gbé e lọ fún ọ̀kan nínú àwọn onífóònù. Ìyẹn lẹ orí ọ̀gá mọ́ ọrùn méjèèjì, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá, ó tẹ̀ ẹ́ sára bánà, wọ́n gbé e kọ́ sójú títì Ọ̀dà. Kò sẹ́ni tó kà á nínú wọn. Àwọn èrò ọkọ̀ ló kọ́kọ́ rí "wọn á gbàgbé ẹ". Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá ti ya bánà, wọ́n sì ń wá ayàwòrán tó bú u kiri. Èmi ni gbogbo Àkúrẹ́ mọ̀. Mi ò fa ìlà kan níbẹ̀, tábìlì tí mo ti ń yàwòrán fún ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fọ́.