Mazda àti ẹ́ńjìnnì tí àwọn yòókù sá fún: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Jàpáànì bá délẹ̀, Toyota ni gbogbo ẹnu máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, Honda á tẹ̀ lé e. Tó bá wá kan Mazda, ariyanjiyan á bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní ọkọ̀ gidi ni, pé 626 tí bàbá òun lò kò já wọn kulẹ̀ rí. Ẹlòmíì á ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í tọ́jọ́, epo ló sì máa ń mu bí ẹní mu omi. Àwọn méjèèjì ò parọ́, ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ohun tó lọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ni ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ń pè ní rotary, tí Mazda nìkan dì mú nígbà tí àwọn tó kù ti jù ú nù. Èmi ò gbà pé agídí lásán ló mú wọn dì í mú. Ẹ jẹ́ ká gba ìdí ọ̀rọ̀ wò ó.

Ṣé lóòótọ́ ni pé kọ́ọ̀kì ni Mazda fi bẹ̀rẹ̀?

Òótọ́ ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1920 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Hiroshima, Toyo Cork Kogyo lorúkọ rẹ̀, kọ́ọ̀kì tí wọ́n ń fi èèpo igi ṣe ni wọ́n sì ń tà. Ọdún kejì ni Jujiro Matsuda di olórí ibẹ̀. Ọmọ apẹja ni, ó sì ti kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Osaka láti kékeré, nítorí náà irin ló wù ú ju èèpo igi lọ. Iná jó iléeṣẹ́ náà lọ́dún 1925. Ní 1927 wọ́n yọ “Cork” kúrò nínú orúkọ, wọ́n wá kọjú sí ẹ̀rọ.

Nígbà tó di 1931, ohun tó gbé orúkọ Mazda jáde sí ojú ọjà dé: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta akẹ́rù. Ẹ fojú inú wo kẹ̀kẹ́ Márúwá tí kò ní òrùlé, tí iwájú rẹ̀ rí bí ọ̀kadà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ pákó tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Oníṣòwò kékeré tí agbára rẹ̀ ò ká mọ́tò ló ń rà á. Orúkọ Mazda fúnra rẹ̀ bá ti Matsuda ṣe wẹ́kú, ó sì tún jẹ́ orúkọ ọlọ́run ọgbọ́n àwọn ará Páṣíà àtijọ́.

Hiroshima kọ́ ni wọ́n ju àdó olóró sí? Báwo ni iléeṣẹ́ náà ṣe ṣẹ́ kù?

Òun náà ni. Òkè kan ló gbà wọ́n. Fuchu, lẹ́yìn ìgboro níhà ìlà-oòrùn, ni iléeṣẹ́ náà wà, ó sì tó kìlómítà márùn-ún sí ibi tí àdó náà ti bú ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945. Òkè Hijiyama dúró láàárín, ó sì dá èyí tó pọ̀ nínú agbára ìbúgbàù náà dúró. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Jujiro Matsuda pé ẹni 70 ọdún. Ó ti jí lọ gẹ irun rẹ̀ ní ìgboro ní kùtùkùtù, ó sì ti kúrò níbẹ̀ kí àdó náà tó balẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní ìgboro lọ́jọ́ náà ò padà wálé.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ Mazda fi sọ́kàn. Nígbà tí ilé ìjọba ti wó, iléeṣẹ́ Matsuda ni àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ Hiroshima kó lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe ìjọba títí wọ inú 1946. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó fara pa. Kí ọdún 1945 tó parí, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ti tún ń jáde níbẹ̀, nítorí ìlú tó ń tún ara rẹ̀ kọ́ nílò ohun tí yóò máa fi kó pákó àti yanrìn. Láti ìgbà náà ni ará Hiroshima ti gbà pé tiwọn ni Mazda. Ọ̀rọ̀ yẹn á tún ṣiṣẹ́ níwájú.

Kí ni ẹ́ńjìnnì rotary gan-an? Kí ló yàtọ̀ nínú rẹ̀?

Ẹ́ńjìnnì tí gbogbo wa mọ̀ ní sílíńdà, pístìn sì wà nínú rẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, tí fáàfù ń ṣí, tó ń tì. Rotary kò ní pístìn, kò sì ní fáàfù. Irin onígun mẹ́ta kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú díẹ̀ ló ń yí nínú àpótí irin kan tó gùn roboto, tí ìbàdí rẹ̀ sì kẹ́ díẹ̀. Bí irin náà ṣe ń yí, àyè tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ògiri àpótí á máa fẹ̀, á sì tún máa fún. Níbi tó ti fẹ̀ ni atẹ́gùn àti epo ti ń wọlé. Níbi tó ti fún ni píláàgì ti ń tanná sí i. Iná yẹn ló ń tì í yí, èéfín á sì gba ojú ihò jáde. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀, tọ̀kan ò dúró de tẹnì kejì.

Èrè rẹ̀ ni pé ó kéré, ó fúyẹ́, kì í gbọ̀n, ó sì lè sáré yí gan-an. Ẹ́ńjìnnì RX-8, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ rotary Mazda, kò ju lítà 1.3 lọ, síbẹ̀ agbára ẹṣin rẹ̀ ju 200 lọ nínú èyí tó lágbára jù.

Ìṣòro rẹ̀ wà ní igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ fara kan ògiri nígbà gbogbo kí iná má bàa jò láti àyè kan sí èkejì. Ìfarakanra yẹn ń jẹ irin, nítorí náà ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa ń tú ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ sí inú iná kó lè máa yọ̀. Ẹ wá rí i pé jíjó tó ń jó ọ́ìlì kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Àyè tí iná ti ń jó tún gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, epo kì í jó tán nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “ó ń mu epo” ti wá.

Tó bá ní ìṣòro tó báyìí, kí ló dé tí Mazda fi lọ rà á?

Nítorí kí wọ́n má bàa gbé e mì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1970, ìjọba Jàpáànì ń wò ó pé iléeṣẹ́ ọkọ̀ ti pọ̀ jù, kí àwọn kékeré wọ abẹ́ àwọn ńlá. Mazda kéré, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, R360, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 1960 ni. Tsuneji Matsuda, ọmọ Jujiro, mọ̀ pé tí iléeṣẹ́ òun ò bá ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní, orúkọ á pa rẹ́. Ó lọ sí Jámánì, ó bá iléeṣẹ́ ọkọ̀ NSU tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Felix Wankel, ẹni tó ronú kan rotary, ṣe àdéhùn lọ́dún 1961.

Ohun tí wọ́n rà kò tíì jinná. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ń gbọ̀n, ó ń rú èéfín funfun, irin igun á sì ha ògiri inú rẹ̀ ní ìlà-ìlà títí ẹ́ńjìnnì á fi kú. “Èékánná èṣù” ni àwọn òṣìṣẹ́ Mazda ń pe ìlà náà. Lọ́dún 1963 wọ́n kó ẹnjiníà 47 jọ sábẹ́ Kenichi Yamamoto láti wá ojútùú sí i. Wọ́n dán oríṣiríṣi irin wò, kò gbọ́. Ohun tí wọ́n wá rí ni pé irin igun náà ló ń gbọ̀n bí ó ṣe ń fi ara ha ògiri. Wọ́n lu ihò sí inú irin náà, ọ̀kan ní gígùn, òmíì ní ìbú, kí gbígbọ̀n rẹ̀ lè yí padà, ìlà náà sì dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kábọ́ọ̀nù tí wọ́n rẹ alumíníọ̀mù sí nínú rọ́pò irin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, ọkọ̀ rotary wọn, Cosmo Sport, jáde.

NSU náà gbé ọkọ̀ rotary tirẹ̀, Ro 80, jáde lọ́dún kan náà. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ń bà jẹ́ kíákíá, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́, owó sì tán lọ́wọ́ wọn. Ní 1969 Volkswagen pa NSU pọ̀ mọ́ Audi. Citroën gbìyànjú, ó sì ra ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rotary tó ṣe padà lọ́wọ́ àwọn tó ti rà á kí wọ́n lè fọ́ wọn. General Motors ná owó ńlá lé e, ó sì pa á tì. Mazda nìkan ló kù.

Nígbà wo wá ni orúkọ burúkú náà dé?

1973. Epo bẹntiróò gbówó lórí káàkiri ayé lẹ́yìn ogun Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn, àyẹ̀wò ìjọba Amẹ́ríkà sì sọ pé àwọn ọkọ̀ rotary Mazda ń jẹ epo púpọ̀. Ọjà dákú. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ kún ọgbà, gbèsè sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Báǹkì Sumitomo ló dìde, ó yá wọn lówó, ó sì rán àwọn èèyàn tirẹ̀ wá síbẹ̀. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa ta ọkọ̀ láti ilé dé ilé ní àwọn ìlú mìíràn. Àwọn oníṣòwò Hiroshima pawọ́ pọ̀, wọ́n ń rọ ara wọn pé Mazda ni kí ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ rà. Ọdún 1975 ni Carp, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù-afigigbá ìlú náà tí ìdílé Matsuda ń darí, gba ife líìgì rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ti sọ pé ọ̀rọ̀ ìlú yìí á tún ṣiṣẹ́. Ní 1979, Ford ra nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iléeṣẹ́ náà.

Ṣé 323 àti 626 tí a mọ̀ ní Nàìjíríà náà jẹ́ rotary?

Rárá o. Pístìn ni gbogbo wọn. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gan-an ló tún Mazda gbé dìde: 323 jáde ní 1977, 626 tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di 1980 tí 323 tuntun dé, tó jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fà á, ó tà gan-an, òun ló sì gba àmì-ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó dára jù ní Jàpáànì lọ́dún náà. Ẹni tó bá ń yin 626 bàbá rẹ̀ ń yin ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ̀ tinú-tẹ̀yìn. Ẹni tó ń bú Mazda nítorí epo àti ọ́ìlì, RX-7 tàbí RX-8 ló gbọ́ nípa rẹ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń da méjèèjì pọ̀.

Ṣé agídí wọn mú èrè kankan wá rárá?

Ó mú un wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1991, ní Le Mans ní Faransé, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré fún wákàtí 24, Mazda 787B nọ́ńbà 55 ló gbégbá orókè. Weidler, Herbert àti Gachot ló wà á, ìyípo 362 ni wọ́n sì yí. Òótọ́ ni pé òfin gbà wọ́n láyè láti lo ọkọ̀ tó fúyẹ́ ju ti Mercedes àti Jaguar lọ. Ṣùgbọ́n Mercedes tó wà níwájú ló bà jẹ́ nígbà tí ìdíje ń lọ sópin, Mazda kò bà jẹ́. Ó rẹ Herbert débi pé kò lè gorí pèpéle lọ gba ẹ̀bùn. Iléeṣẹ́ Jàpáànì mìíràn kò borí níbẹ̀ títí di 2018 tí Toyota gbà á. Ẹ́ńjìnnì tí ayé ní kì í tọ́jọ́ ló fi gbogbo òru sáré, tó sì kọ́kọ́ dé.

Ford ló ṣì ni wọ́n? Rotary ńkọ́?

Ford ti kúrò. Ó ní tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ní 1996, ó bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 2008, kò sì ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ láti 2015. Toyota ra nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn náà. Ní ti rotary, RX-8 parí ní 2012. Lọ́dún 2023 wọ́n tún fi ọ̀kan kékeré sínú MX-30, àmọ́ kì í wa táyà, iná mànàmáná ló ń ṣe fún bátìrì, bíi jẹnẹrétọ̀.

Mo rí RX-8 olówó pọ́ọ́kú ní London. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má tíì sanwó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ẹ pa á, kí ẹ sì tún un tan lójú ẹsẹ̀. Tó bá ń lọ́ra kó tó gbà, irin igun ti ń jẹ nìyẹn. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọ̀ńpúrẹ́ṣọ̀n (agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún atẹ́gùn pọ̀) ti rotary, nítorí ti pístìn kò lè sọ ipò ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Mazda fúnra rẹ̀ fa ìdánilójú ẹ́ńjìnnì náà gùn dé ọdún mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà, èyí tó fi hàn pé àwọn náà mọ ibi tó ń dùn ún. Tí ẹ bá rà á, ẹ máa yẹ ọ́ìlì wò léraléra, ẹ má sì tan án kẹ ẹ pa á nígbà tó ṣì tutù, torí epo á kún inú rẹ̀, kò sì ní tan mọ́. Ẹ fún un lẹ́sẹ̀ bó bá ti gbóná tán, torí ó lè sáré dé 9,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ tí yóò máa fi gbé ọmọ lọ sílé-ìwé lójoojúmọ́, kó wá Mazda3 lọ, pístìn ni.