Ohun tí káàdì ìyá rẹ lè sọ

Lẹ́tà méjì kan máa ń wà nínú káàdì ìtọ́jú aboyún: G àti P. G ni iye oyún tí obìnrin náà ti ní rí. P ni iye ìgbà tó bímọ lẹ́yìn tí oyún ti dàgbà tó. Ká ní ọmọbìnrin kan ń palẹ̀ ẹrù ìyá rẹ̀ mọ́, ó rí G6 P3, ó sì mọ̀ pé àwọn mẹ́ta làwọn jẹ́. Ìbéèrè dé nìyẹn.

Mo jẹ́ agbẹ̀bí. Oyún tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi káàdì dá ìyá rẹ̀ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń du ọmọkùnrin, ó lè jẹ́ oyún tí wọ́n ní kó lọ ṣẹ́ nítorí pé obìnrin ni. Bí P bá sì ju iye ọmọ tí ilé mọ̀, ó lè jẹ́ èyí tó kú, tàbí èyí tí wọ́n gbé fún ẹlòmíràn tọ́.

Bí ọwọ́ èèyàn ò bá sí níbẹ̀, ọmọkùnrin bíi 105 là ń bí sí ọmọbìnrin 100. Ní Gúúsù Kòríà lọ́dún 1990, ó lé ní 116, bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1987 ni òfin ibẹ̀ ìgbà náà ti kà á léèwọ̀ pé kí dókítà sọ akọ tàbí abo tó wà nínú oyún. Íńdíà ṣe irú òfin yìí lọ́dún 1994. Àwọn ìyá ló wà nídìí iye wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọ́n tún ń ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn, pé àwọn ló fà á tí ọmọ fi jẹ́ obìnrin. Ohun tíntìntín méjì nínú ara, tí wọ́n ń pè ní X àti Y, ló ń pinnu akọ tàbí abo. X nìkan ló wà nínú ẹyin obìnrin; àtọ̀ ọkùnrin ló lè gbé X wá, kí ọmọ jẹ́ obìnrin, tàbí Y, kó jẹ́ ọkùnrin. Láti 1905 ni Nettie Stevens, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ti rí èyí lára kòkòrò. Bàbá náà kò sì mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí tó máa wọlé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí ọmọ yín tó lóyún tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì máa bi í bóyá ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà oyún, bóyá gìrì gbé e rí. Àìsàn yẹn a máa tẹ̀lé ìdílé. Bó bá jẹ́ oyún tí ẹ fi pa mọ́ ló ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ọmọ yín máa dáhùn pé rárá, ó máa rò pé òótọ́ lòun sọ, nọ́ọ̀sì náà á sì gbà á gbọ́.

Ẹ pe òun nìkan, lọ́jọ́ tí kò sí ìjà. “Ọmọ mi, oyún kan wà lẹ́yìn tìrẹ. Ìyá bàbá rẹ ní kí n lọ ṣẹ́ ẹ. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mo lọ.” Ó tó bẹ́ẹ̀. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ó lè bi yín bóyá wọ́n fẹ́ ṣẹ́ òun náà. Ẹ má purọ́, ẹ sì sọ ohun tí ẹ ṣe tó fi wà láàyè.

Ìwọ ọmọ, bó bá jẹ́ ìwọ lo rí káàdì, má bi í níwájú bàbá rẹ. Béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá dákẹ́ sí, fi sílẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ á fi padà síbẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti gìrì nìkan ni kó o béèrè lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá bí oyún bá ti wà nínú rẹ.