Ìsoríkọ́ ni, kì í ṣe ìrẹ̀wẹ̀sì

Ẹ̀yin tó ń kọ̀wé ìlera ní Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé pe àìsàn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "depression" ní "ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn" mọ́. Ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ló ń rẹ̀wẹ̀sì. Tí ẹ bá gbà á níyànjú, ó lè gbọ́, kó sì dìde. Ta ni yóò wá gba bàbá ẹni àádọ́rin ọdún níyànjú, tí oorun ti dá lójú rẹ̀, tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì? "Ìbànújẹ́" náà kò tó, nítorí ẹni tó ń banú jẹ́ mọ ohun tó pa á lẹ́kún. Àwọn tó ń kọ "dìpúrẹ́ṣọ̀n" sá fún iṣẹ́ ni. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "àrùn ọpọlọ": ẹ sọ ọ́ létí àwọn ọmọ, kí ẹ wo bí wọn yóò ṣe ti ìyá wọn mọ́ yàrá nítorí ẹnu ayé.

Ìsoríkọ́ ni tèmi. Èmi kọ́ ni mo dá a. Ará ilé ló ń sọ ọ́: "Màmá kàn sorí kọ́ ṣáá." Ọ̀rọ̀ náà sọ ohun tí ojú rí, kò sì dá aláìsàn lẹ́bi. Àwọn kan ní ẹni tójú ń tì náà ń sorí kọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá dọ̀la, onítọ̀hún á gbórí sókè.

Wọ́n tún ń kọ "àwọn kókó àwùjọ-òun-ọrọ̀-ajé tó ń nípa lórí àgbàlagbà". Ta ni yóò ka èyí fún ìyá rẹ̀? Ààrò ni mo ń pè é. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àgbàlagbà ni ìkòkò. Owó, ènìyàn àti ọ̀wọ̀ ni ààrò tó gbé e dúró. Owó ìfẹ̀yìntì kò wọlé, bàbá kò rí owó ẹgbẹ́ san, kò rí aṣọ ẹbí rà, ló bá jókòó sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ dín kù. Nígbà tó yá, wọ́n ń parí ọ̀rọ̀ ẹbí láìbi í. Ọmọ wà ní Kánádà, ìyàwó ti kú. Ìkòkò kò fọ́ o, síbẹ̀ ọbẹ̀ ti dànù.

Ní 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn wádìí lọ́wọ́ àwọn 2,152 tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá. Nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 26 ni ìsoríkọ́ ti ṣe rí. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n, àwọn obìnrin tí kò léèyàn púpọ̀ láyìíká wà lára àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe.

Oògùn ń ṣiṣẹ́, ẹ má dá a dúró. Ṣùgbọ́n dókítà tó bá bi Màmá pé ta ló ń dáná fún un, ta ló bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, èló ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́ ìkòkò ló ń wò yẹn.